Ìrìn-àjò tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbọdọ̀ Gbọ́

Ẹni tó bá ti ìlú òyìnbó dé, ohun mẹ́ta làwọn ará ilé máa ń bi í: ṣé òtútù ibẹ̀ pọ̀, kí ló rà bọ̀, ìgbà wo ló tún ń lọ. Èmi náà ti dé. Òtútù ibẹ̀ pọ̀. Mi ò ra nǹkan kan bọ̀. Ọlọ́run má sì jẹ́ kí n tún rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi. Ìyókù ni mo fẹ́ sọ fún yín báyìí, torí gbogbo ẹni tó bi mí nígbà tí mò ń lọ ni mo purọ́ fún, irọ́ náà sì ti sú mi.

Fúnmi lorúkọ mi. Sùúrùlérè ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni èmi àti màmá mi ṣì ń gbé. Yábàá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mò ń dáhùn ìpè àwọn oníbàárà fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá ènìyàn fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù. Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn òbí wa ti wá. Àwa méjì ni Màmá bí, ẹ̀gbọ́n mi Àǹtí Bọ́lá, àti èmi. Bàbá wa ti kú. Àǹtí Bọ́lá ti wà ní Mánṣẹ́sítà láti ìgbà tí mo ṣì wà ní yunifásítì, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó òyìnbó tí ọmọ wọn ò ráyè tọ́jú wọn. Owó iṣẹ́ yẹn ló fi rán mi ní ilé ẹ̀kọ́ títí mo fi jáde.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ló pè. Ó ní kí n ṣí fóònù sílẹ̀ kí Màmá lè máa gbọ́. Ó ní kókó kan wà nínú ọmú òun, ó ti di jẹjẹrẹ, ó ti tó ọdún méjì tí òun ti ń gba ìtọ́jú, àwọn dókítà sì ti wá dá ọjọ́ tí wọ́n máa gé ọmú náà kúrò. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ lọ́dọ̀ àwọn lánàá.

"Fúnmi," ó wí, "mi ò fẹ́ dá wọ tíátà. Wá bá mi di ọwọ́ mi mú."

Físà ti wà nínú ìwé ìrìnnà mi. Òun fúnra rẹ̀ ló ti ní kí n wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ òun, iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù.

Màmá ò sunkún. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ta ló tún gbọ́?"

Àǹtí Bọ́lá ní kò sẹ́ni tó gbọ́.

"Ó dáa," Màmá wí. "Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbọ́."

Ẹnu ẹyẹ

Ládùúgbò wa, ẹni tó bá fẹ́ wọ bàálù, ọ̀dọ̀ Àǹtí Ṣadé ló ń lọ. Mo ti yí orúkọ rẹ̀ padà níbí. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ojúẹlẹ́gbà, lórí òkè ilé kan tí wọ́n ti ń ta dígí ojú nísàlẹ̀. Àǹtí Ṣadé Tíkẹ́ẹ̀tì lọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà lòun àti Màmá ń lọ. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò ní ìdérí. Gbogbo ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń gbé fọ́tò wọn sórí sítétọ́ọ̀sì fóònù rẹ̀, tàwọn ti ìwé ìrìnnà lọ́wọ́, á wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ògo ni fún Ọlọ́run, oníbàárà wa tún ti fò!" Bẹ́ẹ̀, oníbàárà ọ̀hún ò tíì kúrò ní Mùṣín. Ọmọkùnrin kan wà lójúlé kejì sí wa, ọjọ́ tí fọ́tò rẹ̀ jáde ni ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ sọ fún un pé kó má wulẹ̀ wá mọ́, nígbà tó jẹ́ pé oṣù kan gbáko ló ṣì fẹ́ fi ṣiṣẹ́.

"Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ," Màmá wí. "Tí Ṣadé bá fi lè gbọ́, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ti gbọ́ nìyẹn. Wọ́n á ní kí lo ń lọ ṣe. Wọ́n á wádìí ẹ̀ títí wọ́n á fi mọ̀ pé jẹjẹrẹ ló ń ṣe ọmọ mi. Ta ló máa wá fẹ́ ẹ?"

Ẹni tó ti lé lógójì ọdún, tó fẹ́ lọ fi ọmú kan sílẹ̀ ní ọsibítù, ìyá mi ń ro ti ọkọ tó máa fẹ́ ẹ!

Ṣùgbọ́n èmi náà gbà. Kí n má tàn yín, ó tilẹ̀ wù mí. Ojú kọ̀ǹpútà ni mo ń wò jẹun. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti fi fóònù mi ra tíkẹ́ẹ̀tì Àbújá, tí ohunkóhun ò ṣe. Mo rò pé kí ni ajẹ́ǹtì fẹ́ ṣe tí èmi ò lè ṣe, yàtọ̀ sí kó gbé ojú mi sí gbangba?

Mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá tíkẹ́ẹ̀tì. Ìkànnì kan so bàálù ilé-iṣẹ́ méjì pọ̀ fún mi: ọ̀kan á gbé mi láti Èkó dé ìlú kan ní àríwá Áfíríkà, èkejì á gbé mi láti ibẹ̀ dé Mánṣẹ́sítà. Màá dé ku ọ̀la tí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó bọ́ sí i rẹ́gí. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ wínníwínní kan síbẹ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni o, kí èrò fúnra rẹ̀ lọ gba ẹrù rẹ̀ láàárín ọ̀nà, kó sì tún gbé e lọ fún ọkọ̀ kejì. Mo kà á. Mo rò pé irú gírámà tí wọ́n máa ń kọ síbẹ̀ kí wọ́n má bàa pè wọ́n lẹ́jọ́ ni. Mo tẹ ibi tí wọ́n kọ "Mo gbà" sí.

Ká ní iwájú tábìlì Àǹtí Ṣadé ni mo jókòó sí ni, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ì bá bi mí: báwo lo ṣe máa jáde lọ gba ẹrù nígbà tí o ò ní físà ìlú yẹn? Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Fóònù ò ní ẹnu tó máa fi bi mí, èmi náà ò sì fẹ́ bi ẹnikẹ́ni.

Bí a ṣe ń lọ bí olè

Mo sọ fún ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ pé òkú kan ni mo fẹ́ lọ sin ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀rù bà mí bí mo ṣe sọ ọ́ tán, àmọ́ ó ti bọ́. Mo sọ fún àwọn alábàágbélé wa pé iṣẹ́ ló ń gbé mi lọ sí Ìbàdàn. Awakọ̀ tó gbé mi lọ sí pápákọ̀ òfurufú ní, "Àǹtí, ẹ ó re're bọ̀ o. Ibo la ń lọ báyìí?" Mo ní ẹnìkan ni mo fẹ́ lọ pàdé. Ó wo àpótí mi nínú dígí ọkọ̀, ó yí rédíò sókè.

Mo fi ìbòmú bo ẹnu, mo wọ awò dúdú. Bí mo ṣe dé iwájú kátà, mo bojú wẹ̀yìn, àfi Ìyá Kẹ́mi, ọ̀kan nínú àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, lẹ́yìn mi lórí ìlà! Mo fa ìbòmú mi sókè sí i. Ọmọkùnrin tó wà ní kátà gba ìwé ìrìnnà mi, ó tẹ nǹkan, ó tún un tẹ̀.

"Àǹtí, ẹrù yín ò ní kọjá àárín ọ̀nà o. Ṣé ẹ ní físà tí ẹ máa fi jáde lọ gbà á?"

"Rọra máa sọ̀rọ̀, jọ̀ọ́."

"Àǹtí, mo ń bi yín ni o. Torí tí ẹ ò bá ní in..."

"Ó wà," mo wí. "Gbogbo ẹ̀ wà. Ṣáà fún mi ní nǹkan mi kí n máa lọ."

Ó wo físà Gẹ̀ẹ́sì, ó wo tíkẹ́ẹ̀tì kejì, ó gbé èjìká, ó fún mi ní nǹkan mi. Mo sáré kúrò níbẹ̀. Ìyá Kẹ́mi ò tilẹ̀ wò mí. Ó ń pariwo lórí fóònù, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá létí pé Dùbáì lòun ń lọ. Òun lọ, ó sì bọ̀ láyọ̀.

Ìlú tí mi ò rí

Mi ò lè júwe ìlú náà fún yín, torí mi ò fojú kàn án. Pápákọ̀ òfurufú rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀: ilẹ̀ tó ń dán, òórùn lọ́fínńdà, àti àga tí wọ́n fi irin là láàárín kí ènìyàn má bàa rí ibi dùbúlẹ̀ sí.

Obìnrin tó wà ní kátà ibẹ̀ wé ìborí rẹ̀ dáadáa, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀wọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sọ fún ènìyàn pé àwọn ò ní ṣe nǹkan kan fún un. Ó ní ẹrù mi ti wà níta. Mo ní kí n jáde lọ gbà á. Ó ní mi ò ní físà. Mo fi físà mi hàn án. Ó ní ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, ti àwọn kọ́. Mo ní kí wọ́n máa gbé ẹrù náà jẹ, kí n ṣáà máa lọ. Ó ní ọkọ̀ kejì ò lè gbà mí àfi tí mo bá dé kátà wọn, ìta sì ni kátà wọn wà. Ó wá ní kí n pe ajẹ́ǹtì mi. Mo ní mi ò ní ajẹ́ǹtì, èmi ni mo rà á fúnra mi. Ó fi àánú wò mí, ó mi orí, ó pe ẹni tó wà lẹ́yìn mi.

Mo dúró lẹ́yìn gíláàsì, mo ń wo bàálù tó yẹ kó gbé mi bó ṣe ń yí ìdí padà. Mo sunkún gan-an. Àwọn tí ìwé ìrìnnà wọn pupa ń gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá bí ẹni tó ń lọ sí ilé ìdáná rẹ̀. Tiwa aláwọ̀ ewé, wọ́n ń ṣí i síwá sẹ́yìn, wọ́n ń fi èékánná ha ojú fọ́tò bóyá ó máa ṣí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn rí. Títí ó fi dé orí tèmi, mo máa ń rò pé wọ́n ń bù mọ́ ọn ni.

Ìyá àgbàlagbà kan tó wọ dúdú láti orí dé ẹsẹ̀ jókòó tì mí, òun náà ń retí ọkọ̀ tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò ju díẹ̀ lọ. Ó tú àpò rẹ̀, ó fa búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan ya sí méjì, ó fi wàràkàṣì oníyọ̀ sí i, ó kó dàbínù tì í, ó gbé gbogbo rẹ̀ lé mi lórí itan láì béèrè bóyá mo fẹ́. Ebi pa mí débi pé mo ti jẹ díẹ̀ kí n tó rántí dúpẹ́. Ó bi mí bóyá ẹbí mi ni mò ń lọ rí. Mo ní rárá o, ìsinmi ni. Ẹ gbọ́ ná. Obìnrin tí mi ò ní rí mọ́ láyé, tí kò mọ Sùúrùlérè, tí kò mọ ìyá mi, mo tún purọ́ fún òun náà! Ó fi ọwọ́ pa mí lẹ́yìn jẹ́jẹ́. Kò gbà mí gbọ́, ẹni tó ń lọ lo ìsinmi kì í sunkún sínú búrẹ́dì.

Wáìfáì ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Àǹtí Bọ́lá pè.

"Ṣé ọkọ̀ yín ti gbéra?"

"A ti fẹ́ gbéra, Àǹtí mi."

"Mo ti se ọbẹ̀ dè ẹ́. Má jẹ oúnjẹ inú bàálù o, kò dùn."

"Mi ò ní jẹ."

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo pe Màmá. Mo ṣàlàyé fún un pé ọkọ̀ ti fi mí sílẹ̀, káàdì báǹkì mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Yábàá ò ṣiṣẹ́ níbí, mi ò sì lè dá ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn.

"Àwọn ayé ló ń bá wa jà," ó wí. "Ta lo sọ fún?"

"Màmá, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn gan-an ló kó bá mi. Ẹ jẹ́ kí n pe Àǹtí Ṣadé."

"O ò gbọdọ̀! Fúnmi, o ò gbọdọ̀. Máa gbàdúrà. Èmi náà ti wà lórí eékún."

Mo pa fóònù mọ́ ọn létí. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá mi rí. Ṣùgbọ́n mi ò pe Àǹtí Ṣadé o. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn títí dòní. Mo gbé fóònù dání, mo jókòó, mò ń lọ bẹ obìnrin kátà, mò ń padà wá jókòó, mò ń rò ó pé bóyá wọ́n á yí ọkàn padà. Ìtìjú ìyá mi ti di tèmi. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí n tó pe Àǹtí Ṣadé.

"Fúnmi ọmọ Ìyá Bọ́lá! Ibo lo wà?"

Mo sọ ibi tí mo wà fún un.

"Ye! Ta ló ta irú tíkẹ́ẹ̀tì yẹn fún ẹ?"

"Èmi fúnra mi ni, ẹ̀gbọ́n."

"O ò wá lè gòkè wá bá mi? Kí ni mo ṣe fún ẹ?"

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀: jẹjẹrẹ, tíátà, àárọ̀ ọ̀la. Ó dákẹ́. Mi ò tíì gbọ́ kí obìnrin yẹn dákẹ́ rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Gbé fóònù sílẹ̀," ó wí, "jẹ́ kí n ríbi ṣiṣẹ́."

Kò pẹ́ tó fi bá mi rí ọkọ̀ tí mo lè wọ̀ láì jáde síta, ó ní kí n san owó rẹ̀ fún òun tí mo bá délé. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló máa gbéra. Ó ní ká ní àárọ̀ ni mo ti pe òun, àyè kan ṣì wà nínú ọkọ̀ tó lọ lọ́sàn-án òní.

Mo pe Àǹtí Bọ́lá padà. Mo sọ òtítọ́ fún un, pé mi ò ní lè dé kó tó wọlé lọ.

"Kò burú," ó wí. "Ṣé o ti jẹun?"

Jẹun ná

Òjò ló pàdé mi ní Mánṣẹ́sítà, òjò tó ń rọ̀ láì pariwo, bí ẹni pé kò fẹ́ dá ẹnikẹ́ni láàmú. Òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè bi mí pé kí ni mo wá ṣe. Ọ̀rọ̀ ìsinmi ti wà lórí ahọ́n mi. Mo wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi wà ní ọsibítù, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lónìí." Ó ní ó dun òun, ó lu òǹtẹ̀ sí ìwé mi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ayé ò pa rẹ́. Mo dúró síbẹ̀ bí ọ̀dẹ̀ títí ó fi ní kí n máa lọ.

Níta, obìnrin kan tó wé gèlè sórí kóòtù nípọn ń wo ojú gbogbo ẹni tó ń jáde.

"Ìwọ ni Fúnmi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Èmi ni Màmá Tọ́pẹ́. Ṣadé Tíkẹ́ẹ̀tì ló ní kí n wá pàdé ẹ."

Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó fà mí dìde kíá, ó gbá mi mọ́ra, kò sì tètè fi mí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló ti ń gbé níbẹ̀. Ọwọ́ Àǹtí Ṣadé ló ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì tó fi ń wálé. Nínú mọ́tò rẹ̀, mo ní ká kọjá sí ọsibítù. Ó ní ká kọ́kọ́ yà sílé òun. Ó gbé ẹ̀bà gbígbóná kalẹ̀ fún mi, gààrí tòótọ́, ẹ̀fọ́ rírò tó kún fún ẹja.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ Àǹtí Bọ́lá ná."

"Jẹun ná, ọmọ mi."

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí "jẹun ná" ń jẹ́ nílé wa. Mo ti gbọ́ ọ rí ní Sùúrùlérè, lọ́jọ́ tí Bàbá kú. Mo fọ ọwọ́. Mo bu òkèlè kan. Mo gbé e padà sínú àwo.

Màmá Tọ́pẹ́ ní Àǹtí Bọ́lá jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ó béèrè omi. Ó béèrè mi. Ó tó ọ̀sán, ẹ̀jẹ̀ kan dì, ó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, apá àwọn dókítà ò sì ká a mọ́. Inú bàálù ni mo wà.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó ń wọ tíátà?" mo bi í.

"Èmi ni."

Àǹtí Ṣadé ti ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà tó ní nílùú náà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ní ọmọ àwọn kan fẹ́ wọ tíátà, kò ní ẹnì kan, ta ló wà nítòsí? Màmá Tọ́pẹ́ wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ.

"Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú," ó wí. "Ó bi mí pé ta ló sọ fún mi. Mo ní, 'Bọ́lá, gbogbo Ojúẹlẹ́gbà ti gbọ́.' Mo rò pé inú á bí i. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní, 'Yéè, Màmá mi á kú! Ọdún méjì ni mo fi gbé e pamọ́.' Ó wá mí kanlẹ̀, ó ní ara tu òun."

Ó yẹ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Mo dúpẹ́ lẹ́nu. Nínú mi, inú bí mi sí i débi pé mi ò lè wo ọwọ́ rẹ̀. Èmi ni Àǹtí Bọ́lá ní kó wá. Ọwọ́ tèmi ló ní òun fẹ́.

Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kì í sunkún síta. Wọ́n á fi káàdì sábẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n á lọ. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá, wọ́n dúró ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tí ọmọ ń sùn nílé rẹ̀. Arúgbó òyìnbó kan tó ń gbé lódìkejì títì gbé ọbẹ̀ inú abọ́ wá, tòun ti ajá rẹ̀. Ọbẹ̀ náà ò ní ata, ọ̀dùnkún ló kún inú rẹ̀. Ó ní gbogbo ìgbà tí Àǹtí Bọ́lá bá fẹ́ lọ gba ìtọ́jú, mọ́tò òun ló ń gbé e lọ, tí òun á sì dúró dè é. Òun mọ̀! Ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi kàn ń kí lójú títì mọ̀, èmi tó tọ́ dàgbà ò mọ̀. Àǹtí Bọ́lá mọ̀ pé òyìnbó yẹn ò ní béèrè ẹni tó máa fẹ́ òun.

Ibẹ̀ náà la sin ín sí. Màmá ló ní ká sin ín síbẹ̀. Òbí kì í rí òkú ọmọ, mo mọ̀, àmọ́ mo mọ̀ pẹ̀lú pé bí pósí bá wọ Sùúrùlérè, àwọn ènìyàn á béèrè ohun tó pa á. A ò pọ̀ níbi sàárè. Erùpẹ̀ ibẹ̀ tutù, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ilé

Àjò kì í dùn kónílé má relé. Tèmi ò dùn rárá, síbẹ̀ ó nira fún mi láti wálé.

Pálọ̀ wa kún. Màmá jókòó sórí ẹní, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń sọ fún pé, "Ó kàn sùn ni, kò jí." Wọ́n á ní, "Ha, ikú ò dáa!" Wọ́n á mi orí. Ọ̀la, ẹlòmíràn á wá, ó tún kàn sùn ni. Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Tìyá mi ò tilẹ̀ mì títí ó fi kan. Àǹtí Ṣadé wá pẹ̀lú, ó kúnlẹ̀ kí i, Màmá gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Nínú ọkàn rẹ̀, ẹnu Ṣadé ló pa ọmọ òun. Àǹtí Ṣadé lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó sọ orí kodò.

Obìnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì bi mí níṣojú gbogbo wọn, "Fúnmi, kí ló ṣe ẹ̀gbọ́n ẹ gan-an?"

"Ó kàn sùn..." Màmá bẹ̀rẹ̀.

"Jẹjẹrẹ ọmú ni," mo wí. "Ọdún méjì ló fi dá a gbé. Ó ní kí n wá di ọwọ́ òun mú, mi ò débẹ̀, torí a ò fẹ́ kí ẹ gbọ́."

Màmá wò mí bí ẹni pé mo bọ́ra sí ìhòòhò níwájú àlejò. Mo dìde, mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé.

Àǹtí Ṣadé tẹ̀lé mi. Mo rò pé ó fẹ́ rẹ̀ mí lẹ́kún ni. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé ọmú rẹ̀ òsì lórí bùbá. Nǹkan kan wà níbẹ̀, ó le bí èkùrọ́.

"Láti ìgbà wo, ẹ̀gbọ́n?"

"Ó ti pẹ́."

"Ta lẹ ti sọ fún?"

"Ìwọ," ó wí.

Obìnrin tó ń gbé ojú gbogbo Sùúrùlérè sójú táyé! Mi ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ mọ́. Mi ò bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ ọrùn mi. Mo wọ́ ọ jáde gba ẹ̀yìn, mo dá kẹ̀kẹ́ dúró, a kọrí sí ọsibítù Ìdí-Àràbà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ní kí á jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní rárá. Ó ní òun ní oníbàárà tó ń bọ̀ ní ọ́fíìsì. Mo ní rárá.

A jókòó láàárín àwọn tó ń retí dókítà, ó di ọwọ́ mi mú gírígírí. Obìnrin kan tó ń kọjá lọ dúró, ó fi ayọ̀ pariwo.

"Àǹtí Ṣadé Tíkẹ́ẹ̀tì! Ẹ̀yin rèé! Kí lẹ wá ṣe níbí, ṣé kò sí nǹkan o?"

Àǹtí Ṣadé fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó rẹ́rìn-ín.

"Kò sí o, jàre," ó wí. "Aláìsàn kan ni mo wá kí."